Ilé Ìkàwé Àdúgbò Tí Wọ́n Tún Ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, Benin): Àyẹ̀wò Láti Ẹnu Ọ̀nà Dé Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Ilé Àgùdà àtijọ́ kan ni, ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onípákó, tí àtẹ̀gùn mẹ́ta sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Látẹ̀yìnwá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BEPC àti BAC nìkan ni ilé ìkàwé yìí wà fún. Ẹlòmíràn tó bá yọjú síbẹ̀, bí àlejò ni wọ́n ń wò ó. Wọ́n ti wá tún un ṣe báyìí, wọ́n ní kí ó di ilé gbogbo àdúgbò: ìyá ọlọ́mọ, ọmọ kọ́ṣẹ́, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, adití, afọ́jú, ẹni tó ń fi àga onítáyà rìn. A yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun lọ síbẹ̀, àti fún àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pọ́bẹ̀ tí wọ́n ń gbèrò láti tún tiwọn ṣe.

Ẹ lọ síbẹ̀. Ilé náà tura, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì mọ èèyàn gbà. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó dára gan-an, ó sì ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ohun kan náà ló fa méjèèjì. Níbi tí wọ́n ti pe àwọn akàndá, àwọn ìyá ọlọ́mọ àti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì, iṣẹ́ náà gún régé. Níbi tí wọ́n ti yàwòrán láìpe ẹnikẹ́ni, kò pẹ́ tí ó fi hàn.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ẹnu ọ̀nà

Ilẹ̀ inú ilé ga ju àgbàlá lọ ní 45 sẹ̀ǹtímítà. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ akọ́lé ń tẹ̀ lé ni pé bí ilẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ (ọ̀nà dídagẹ̀rẹ́ tí àga onítáyà ń gbà wọlé) gùn tó 12, ó kéré tán. 45 lọ́nà 12 jẹ́ 540, ìyẹn mítà 5.40. Àgbàlá náà kò gbà á ní ọ̀kánkán, nítorí náà wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì: mítà 2.70 àkọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, ó dé orí pèpéle kan tó jẹ́ mítà 1.50 níbùú àti lóròó, mítà 2.70 kejì wá ti ibẹ̀ yà lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Orí pèpéle yìí ni ẹni tó ń fi ọwọ́ yí táyà ti ń sinmi, ibẹ̀ náà ló ti ń yípo. Lókè, níwájú ilẹ̀kùn, ilẹ̀ tún tẹ́jú fún mítà 1.50, kí àga má baà máa yí padà sẹ́yìn nígbà tí èèyàn bá ń ṣílẹ̀kùn. Ìlànà àwọn Faransé le ju èyí lọ: wọn kì í fẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ga ju 5 nínú 100, ìyẹn ì bá sì jẹ́ mítà 9 níbí. Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ bá gbà á, kí ó ṣe mítà 9. Ara yóò tu ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá gbà á, kí ó má ṣe kọjá 1 sí 12 rárá. Èyí tí a máa ń rí níwájú ọ̀pọ̀ ilé ìjọba, tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé àtẹ̀gùn ní mítà 1 péré, ewu ni.

Ìbú rẹ̀ jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà. Irin ìdìmú méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní gíga 90 fún ẹni tó ń rìn, èkejì ní 70 fún ọmọdé àti ẹni tó jókòó. Wọ́n gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀ kí táyà má baà yọ bọ́ sílẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ wa jù ni pé wọn kò lẹ táìsì mọ́ ọn. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì tutù, wọ́n fi ìgbálẹ̀ líle gbá a níbùú, ó wá rí págunpàgun, ẹsẹ̀ kì í sì í yọ̀ lórí rẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Táìsì dídán lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìlú tó ní ìgbà òjò méjì lọ́dún bíi tiwa, ìṣubú ló ń pè.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀: wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n da erùpẹ̀ pupa sí inú rẹ̀, ipele kọ̀ọ̀kan kò ju 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, wọ́n ń wọ́n omi sí i, wọ́n sì ń gún un kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Bí a bá da gbogbo erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò rì lẹ́yìn òjò kìíní, kọnkéré yóò sì là. Kọnkéré òkè nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjèèjì àti pèpéle àárín jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 8.7 ní fífẹ̀, nítorí náà kọnkéré tí wọ́n nílò kò pé mítà kan ní kọ́ọ́bù. Bí a bá ń lo 350 kìlò sìmẹ́ǹtì fún mítà kọ́ọ́bù kan gẹ́gẹ́ bí àwọn mọlémọlé wa ti ń ṣe, àpò 6 sí 7 ni ti òkè yìí, láìka ti búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ méje ni kí a fi máa rin ín, kí a fi àpò tútù bò ó lójú oòrùn.

Àbùkù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọn kò la ojú àgbàrá síbẹ̀, omi tó ń ṣàn láti orí páànù sì ti gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti pàdé àgbàlá, àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 4 ti yọ níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Táyà kékeré iwájú àga yóò há síbẹ̀, ẹni tó jókòó yóò sì dojú bolẹ̀. Kí wọ́n da pèpéle kọnkéré mítà 1 síwájú rẹ̀, kí wọ́n la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi irin bo gọ́tà náà, kí àlàfo àárín irin má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí àwọn irin náà sì dábùú ọ̀nà tí táyà ń gbà, nítorí bí wọ́n bá lọ gbọọrọ pẹ̀lú rẹ̀, inú àlàfo náà ni táyà yóò wọ̀.

Àwọn ọlọ́kadà, àwọn zẹ́mìjàn wa, máa ń gbé alùpùpù dúró sí ibẹ̀ gan-an. Wọ́n ti gbé ìkòkò òdòdó ńlá méjì síbẹ̀, wọ́n fi àlàfo 100 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ láàrin wọn. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri kò dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ilẹ̀kùn: 75 ni tẹ́lẹ̀, ó di 90 báyìí, èyí tó fi àyè 83 sílẹ̀ nígbà tó bá ṣí tán, torí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ àti férémù máa ń jẹ nínú rẹ̀. Ìdìmú rẹ̀ gùn, ìgùnpá lè tẹ̀ ẹ́. Ti roboto tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń ṣòro fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Fífẹ ilẹ̀kùn nínú ògiri amọ̀ gba sùúrù. Wọ́n kọ́kọ́ fi igi gbá òkè ró, wọ́n wọ igi àtẹ́rígbà tó gùn ju ojú ihò lọ ní 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gé amọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé kó tó ró, ògiri yóò wó lé e lórí. Wọ́n sì fi ẹfun tí àwọn Faransé ń pè ní chaux rẹ́ ògiri náà padà, inú wa dùn sí i. Sìmẹ́ǹtì lára ògiri amọ̀ máa ń sé omi mọ́ inú, lẹ́yìn òjò mélòó kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí wú, yóò sì ṣí bí èèpo, yóò wó amọ̀ tòun tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́ ló ń bàjẹ́ lọ́nà yìí.

Pẹpẹ ìwé

Tẹ́lẹ̀, pẹpẹ ga tó mítà 2.20, wọ́n sì fún mọ́ra. Wọ́n gé àwọn ti àárín sí 1.40, ti àwọn ọmọdé sí 1.10, wọ́n sì fi 120 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ láàrin pẹpẹ sí pẹpẹ, 150 ní ìkángun kí àga lè yípo. Ọwọ́ ẹni tó jókòó máa ń dé láti nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà sí 130. Ohun tó bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ìyẹn, yóò máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bá a mú un. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá wá ṣófo, apẹ̀rẹ̀ ohun ìṣeré ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó bójú mu.

Pẹpẹ tó kúrú túmọ̀ sí pé ìwé yóò dín. Mítà kan pẹpẹ máa ń gba nǹkan bí ìwé àgbà 30 sí 35. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti máa ń jà: ta ni yóò gbà pé kí wọ́n ju ìwé nù? Àwọn ti ibí fi ìgboyà ṣe é, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tí wọ́n yọ ni ìwé ẹ̀kọ́ tí àwọn olóore fi páálí kó wá láti ilẹ̀ Faransé, tí ẹ̀kọ́ inú wọn kò bá ti ilé ẹ̀kọ́ wa mu, ìwé òfin tí òfin rẹ̀ ti yí padà, ìwé ìṣègùn tó ti gbó, àti èyí tó ti bu. Ohun tí wọ́n dá sí ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti agbègbè wọn, bó ti wù kó ya tó, àti gbogbo ohun tó wà ní èdè wa. Kí àwọn ìgbìmọ̀ mìíràn rántí pé Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè àti ilé àkójọ ìwé ìjọba, Àjàṣẹ́ níbí ni méjèèjì wà. Ìwé tó ṣọ̀wọ́n tí àdúgbò kò lè tọ́jú, ọ̀dọ̀ wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Pẹpẹ àárín ní táyà lábẹ́, kí wọ́n lè tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìpàdé bá wà. Èrò náà dára, táyà tí wọ́n rà ni kò dára. Mítà kan ìwé máa ń wúwo tó nǹkan bíi 30 kìlò. Pẹpẹ olójú méjì, ipele mẹ́ta ní ojú kọ̀ọ̀kan, jẹ́ mítà 6 ìwé: 180 kìlò, láìka igi rẹ̀. Táyà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé 50 kìlò ni wọ́n lò. Lórí ìwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tẹ́jú tán, orí táyà mẹ́ta ni ẹrù máa ń wà nígbà púpọ̀, ìdí nìyẹn tí méjì nínú wọn fi ti tẹ̀. Kí wọ́n ra èyí tó lè gbé 100 kìlò, onírọ́bà, tí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí 10 kó má baà máa há sí àárín táìsì, kí méjì nínú rẹ̀ sì ní bírékì. Kí káfíńtà má fi ìṣó kàn án mọ́ igi: bóòtì tó la igi já ni kó lò.

Pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fi sẹ̀ǹtímítà 8 jìnnà sí ògiri, ó sì ga kúrò nílẹ̀ ní 10. Afẹ́fẹ́ ń kọjá lẹ́yìn ìwé, a sì tètè máa rí ọ̀nà ikán kí wọ́n tó dé orí. Ìwé máa ń bu bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 65 sí 70 nínú 100 fún ọjọ́ pípẹ́, ní Àjàṣẹ́ tí ọ̀sà wà nítòsí, ìyẹn kì í pẹ́ẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣí fèrèsé ọ̀kánkán méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, kí wọ́n sì pa wọ́n dé bí òjò bá ṣú. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá: aṣọ gbígbẹ, kì í ṣe aṣọ tútù.

Èdè

Ibí ni ilé ìkàwé yìí ti ta gbogbo èyí tí a mọ̀ lágbègbè yọ. Èdè mẹ́rin ló wà lára àmì gbogbo yàrá: Yorùbá, Gùn, Faransé àti Lárúbáwá, pẹ̀lú àwòrán fún ẹni tí kò mọ̀wé. Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, dúdú lórí yẹ́lò, láìdán, ní gíga 140 sí 160 sẹ̀ǹtímítà. Ìwé èdè Yorùbá wà lójú ọ̀nà, ní pẹpẹ tí èèyàn kọ́kọ́ ń rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé tó kù ní ìlú yìí, ìkángun ni wọ́n ń fi wọ́n sí.

Ìṣòro kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ń kó ìwé Yorùbá jọ ní Benin mọ̀. Ìwé tó wá láti Nàìjíríà ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p; èyí tí wọ́n tẹ̀ nílé ń tẹ̀ lé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ti ọdún 1975, tí wọ́n tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008, tó ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. Àgbàlagbà tó kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà lábẹ́ ìlànà kejì yóò ṣí ìwé Ìbàdàn, yóò rò pé òun kò mọ̀wé mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe níbí: wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí pẹpẹ kan, wọ́n lẹ ìwé aláwọ̀ ewé mọ́ ẹ̀yìn tilé, aláwọ̀ búlúù mọ́ ti Nàìjíríà, wọ́n sì gbé káàdì lílágbára kan kọ́ sí etí pẹpẹ tó fi lẹ́tà méjèèjì hàn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Èèyàn lè mú káàdì náà lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Kò ná wọn ju títẹ̀ àti ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó lọ. Gbogbo ilé ìkàwé láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́ ló yẹ kó ṣe é lọ́la.

Nọ́ńbà Dewey, ìlànà tí àwọn ilé ìkàwé fi ń to ìwé, ṣì wà lẹ́yìn ìwé fún àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ àti àwòrán ni òǹkàwé fi ń wá nǹkan: abẹ́rẹ́ fún ìránṣọ, àgbàdo fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ikùn aboyún fún ìlera. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lè rí ohun tó ń wá láìbi ẹnikẹ́ni.

Afọ́jú àti adití

Kọ̀ǹpútà kan wà tó ní NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ohùn Faransé ni wọ́n fi sí i, ó sì dára fún ìwé Faransé. Bí a bá fún un ní Yorùbá, ó ń kà á bí ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò mọ àmì ohùn rárá, etí kò lè gbà á. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì fi ṣe àwáwí: àwọn èwe àdúgbò tó mọ ìwé kà ń fi fóònù gba ohùn ara wọn sílẹ̀, wọ́n ń gbé e sórí káàdì kékeré tí rédíò àpò lè lò. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é tọ́: yàrá tí aṣọ wà lára ògiri rẹ̀, fóònù tó jìnnà sí ẹnu ní nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà, sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà lù ú, orí ìwé kan sí fáìlì kan, kò sì ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹni tó ń kà á máa ń kọ́kọ́ sọ orúkọ ìwé àti ojú ìwé. Èyí tí wọ́n gbàgbé ni orúkọ fáìlì. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń jẹ́ nọ́ńbà lásán, afọ́jú kò sì lè mọ èyí tó ń fẹ́ láìtẹ gbogbo wọn wò.

Ìlà págunpàgun kan wà nílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ìwé, ọ̀pá máa ń mọ̀ ọ́n. Etí àtẹ̀gùn ní ìlà yẹ́lò sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má gbé àga lé orí ìlà náà mọ́.

Ìtàn sísọ fún àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Satidé máa ń ní ẹni tó ń fi èdè ọwọ́ sọ ọ́. Èdè ọwọ́ tí àwọn adití wa ń lò ní gbòǹgbò nínú ti Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ iṣẹ́ tí Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀, ṣe nílẹ̀ Áfíríkà, nítorí náà fídíò tó wá láti Paris kò ní wúlò fún wọn. Ìjókòó wọn tẹ̀ bí òṣùpá tuntun kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè rí ọwọ́ àti ojú. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń sọ ọ́ ń kẹ́yìn sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ọmọ adití kò sì rí ètè. Kí wọ́n yí ìjókòó náà padà, kí fèrèsé wà lẹ́yìn àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ariwo

Ilé náà ní gbọ̀ngàn ńlá kan, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọdé máa ṣeré, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kàwé, kí àwọn ìyá máa ṣèpàdé nínú rẹ̀. Wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní contreplaqué dí i ní àárín, ó ga tó mítà 1.80, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohùn ń gba òkè rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún lọ, nígbà tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, ìjà ni: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ké sí àwọn ọmọdé, àwọn ìyá ń bínú. Ibí yìí wà lára ibi tí wọn kò ti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun mẹ́ta ló lè ran wọ́n lọ́wọ́. Kí wọ́n gbé pákó náà dé àjà, olójú méjì, kí wọ́n fi òwú tàbí aṣọ àlòkù kún àárín rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ rọ́bà mọ́ etí ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí inú àlàfo kékeré ni ohùn ti ń sá jáde jù. Kí wọ́n so ẹní mọ́ abẹ́ páànù àti ara ògiri ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọdé; bí òjò bá ń rọ̀, páànù tí kò ní àjà lábẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ara rẹ̀. Kí wọ́n tún fi àkókò pín in: àárọ̀ fún ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́, ọ̀sán fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá wọn fún láyè, ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó ń ṣèdánwò. Àgbàlá wà lẹ́yìn, igi òdòdó sì wà níbẹ̀. Ìtàn sísọ lè bọ́ síta ní gbogbo ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀.

Iná

Sólà wà lórí páànù, bátìrì kan ló sì ń gba iná rẹ̀ sílẹ̀, 12 fólìtì, 100 Ah, irú ti òjé. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Gílóòbù 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9, fún wákàtí 4 ìrọ̀lẹ́, yóò jẹ 432 wáàtì-wákàtí. Bátìrì náà ní 12 lọ́nà 100, ìyẹn 1,200, ṣùgbọ́n bátìrì òjé kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà 600 ló wà fún lílò. Ó tó fún ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi fáànù mẹ́rin kún un, wáàtì 50 lọ́kọ̀ọ̀kan: 800 fún wákàtí 4. Àròpọ̀ rẹ̀ kọjá gbogbo ohun tó wà nínú bátìrì. Àwọn èèyàn tún ń fi fóònù gba iná níbẹ̀. Abájọ tí iná fi ń kú kí àkókò ìtìlẹ̀kùn tó tó nígbà tí iná ìlú bá lọ.

Kí wọ́n ra bátìrì lithium méjì dípò rẹ̀, èyí tó lè lọ sílẹ̀ dé 80 nínú 100 láìbàjẹ́, kí wọ́n sì ya wáyà ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti fáànù àti ti fóònù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí ti fóònù kú fúnra rẹ̀. Títí wọn yóò fi rówó, kí fáànù má ṣiṣẹ́ lórí bátìrì. Ògiri alámọ̀ náà ń tutù tó, bí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ibí ló dùn wá jù. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń lo àga onítáyà kò lè jókòó ju wákàtí kan àbọ̀ lọ níbẹ̀, torí kò sí ibi tí yóò ti tọ̀. Àmì àga wà lára ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 110 níbùú, 150 lóròó, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí sínú. Bí àga bá wọlé, ilẹ̀kùn kò ní lè padé. Wọ́n tún ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ọlọ́dẹ, àgbàlagbà obìnrin sì ní láti lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin lójú gbogbo ayé.

Benin fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ní 2012, òfin ilẹ̀ wa, nọ́ńbà 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2017, sì wà láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú àánú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sì pọ̀. Yàrá ìkẹ́rùsí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odi àárín wọn kò gbé nǹkan kan ró: kí wọ́n wó o, kí àyè tó fẹ̀ ní 150 yíká wà fún yíyípo. Kí wọ́n yí ilẹ̀kùn padà kí ó máa ṣí síta. Kí ìjókòó rẹ̀ ga tó 45 sí 50, kí àyè 80 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan fún ẹni tó fẹ́ fi ara sún bọ́ láti orí àga, kí irin ìdìmú wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ní gíga 70 sí 80. Irin náà ni kí wọ́n fiyè sí: ó ní láti gbé èèyàn odindi ró, bẹ́ẹ̀ ni ògiri alámọ̀ kò lè di ìdè rẹ̀ mú. Kí bóòtì rẹ̀ la ògiri já, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ gbé e ní òdì kejì. Ẹ̀rọ omi kan ní ìsàlẹ̀ fún búútà àti garawa, ike ìdalẹ̀nù onídérí fún àwọn obìnrin, ìkọ́ aṣọ ní gíga 120. Kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ògiri.

Iye owó àti ìlànà yíyá ìwé

Káàdì ọdún kan jẹ́ 500 fáráǹkì fún ọmọdé, 1,000 fún àgbà; jíjókòó kàwé níbẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìwé mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kì í gba ìtánràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ kó tó dá ìwé padà, a sì fara mọ́ ọn: ìtánràn 50 fáráǹkì lójoojúmọ́ ni ohun tó máa ń mú kí ọmọ aláìní fi ìwé pamọ́ sílé, kó má sì padà wá mọ́. Ẹni tó bá sọ ìwé nù ni yóò wá òmíràn.

Ní ti onídùúró fún káàdì, wọn kì í béèrè ìwé ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ọ̀gá iṣẹ́ lè fọwọ́ sí i fún ọmọ kọ́ṣẹ́ rẹ̀, bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà lè fọwọ́ sí i fún ọmọ-ọmọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán, irun ṣíṣe àti iṣẹ́ mẹkáníìkì fi rí káàdì gbà. Àwọn ọ̀gá ló dámọ̀ràn rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè wọ́n sí ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n sì ń fi àǹfààní rẹ̀ ṣe ìkéde fún ara wọn.

Gbọ̀ngàn wà fún yíyá, 2,000 fáráǹkì fún ìdajì ọjọ́, ẹgbẹ́ àwọn akàndá àti kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà kì í san nǹkan kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á sọ iye àga onítáyà tó ń bọ̀ ṣáájú, kí wọ́n lè ti pẹpẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tábìlì méjì péré ni àyè ẹsẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ga tó 70 sẹ̀ǹtímítà.

Wọ́n ń ṣí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méje ìrọ̀lẹ́, Túsìdé sí Satidé. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ó lọ láàárọ̀ Túsìdé tàbí Wẹ́sìdé. Ẹni tó bá ń lo àga onítáyà, títí wọn yóò fi tún ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣe, kí ó kẹ́yìn sí i, kí ẹni kan fa á gun àlàfo náà, kí ó tó yí ojú síwájú lórí pèpéle àárín.